Ọwọ́ Tí Wọ́n Fi Ń Wọn Ọ̀pá

Iṣẹ́ tí obìnrin yìí ń ṣe, àgbàlagbà tí wọ́n bá sọ ọ́ fún yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ni. Ṣé ó ń ta ẹ̀rọ géèmù ni? Rárá. Ṣé ó ń tún un ṣe ni? Ó tì o. Ó ń gbá a ni. Láti àárọ̀ tí ó bá ti wọlé títí tí wọn yóò fi ṣíwọ́, géèmù ni ó ń gbá, wọ́n sì ń san owó oṣù fún un lórí rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń san án fún akọ̀wé. Bàbá rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé kì í tilẹ̀ fẹ́ ṣàlàyé. Bí aládùúgbò bá béèrè, yóò ní ọmọ òun ń bá àwọn kan ṣe tẹlifíṣọ̀n, yóò sì yí ọ̀rọ̀ padà kí wọ́n tó béèrè ìkejì.

Kò sì bẹ̀rẹ̀ nídìí géèmù. Síkúrúù ni ó ń dì sẹ́yìn ẹ̀rọ nígbà tí ó kọ́kọ́ débẹ̀, àwọn síkúrúù wẹ́wẹ́ tí èémí lásán lè fẹ́ dànù. Ní ọjọ́ kan, àlejò kún yàrá ìpàdé Ọ̀gá, ẹni tó máa ń gbé tíì fún wọn kò wá síbi iṣẹ́, ni wọ́n bá ní kí obìnrin onísíkúrúù wá bá wọn gbé e. Ó gbé àwo tíì tí gbogbo ife orí rẹ̀ kún dẹ́nu, ó gba àárín àga àti àpò àti ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn kọjá, tíì kankan kò ta sílẹ̀. Ọ̀gá gbàgbé ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀, ó ń wo ọwọ́ obìnrin náà. Kí oṣù yẹn tó parí, wọ́n ti gbé e lọ sí yàrá ìdánwò, wọ́n sì ti fún un lórúkọ tí wọ́n ń pè é títí di òní: Ọlọ́wọ́-Pẹ̀lẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí yàrá ìdánwò ṣe rí, torí ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti bẹ̀rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ńlá kan wà lára ògiri. Wọ́n fi aṣọ dúdú bo fèrèsé kí oòrùn má baà da kámẹ́rà láàmú. Wọ́n fi téèpù pupa ṣe àmì sórí kápẹ́ẹ̀tì níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ wà, kápẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ sì ti jẹ mọ́lẹ̀ nítorí ìdúró. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń ṣe kì í ṣe èyí tí ènìyàn máa jókòó tì, tí yóò máa fi àtàǹpàkò tẹ bọ́tìnnì. Ọ̀pá kékeré kan tó tó tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń mú lọ́wọ́. Bí o bá fì í, ẹni inú tẹlifíṣọ̀n náà á fi tirẹ̀. Bí o bá yí ọrùn ọwọ́, òun náà á yí i. Nínú yàrá kejì, ọkùnrin sígbọnlẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́ṣẹ̀ẹ́, òun ló ń gbá gbogbo géèmù tó bá gba agbára, ìjà àti tẹ́níìsì àti idà fífì, ó sì ti fọ́ gílóòbù àjà yàrá rẹ̀ débi pé wọn ò fi òmíràn síbẹ̀ mọ́. Ohunkóhun tó bá gba sùúrù, ti Ọlọ́wọ́-Pẹ̀lẹ́ ni. Òun ló ń da omi sínú ife, òun ló ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́, òun ló sì ń gbé àwo tíì gba àárín èrò kọjá. Géèmù àwo tíì yẹn, ọjọ́ tó gbé tíì fún àlejò Ọ̀gá ni wọ́n ti rí i. Ìrìn rẹ̀ gan-an ni wọ́n kó sínú ẹ̀rọ.

Ohun kan tún wà tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, tí mi ò rò pé wọ́n ń ṣe níbòmíràn. Bí wọ́n bá kó ọ̀pá tuntun dé, ọwọ́ obìnrin yìí ni ó máa kọ́kọ́ bọ́ sí. Yóò dúró lórí téèpù pupa, yóò na ọwọ́ ọ̀tún sí tẹlifíṣọ̀n, yóò sé èémí. Ìlà búlúù kan yóò máa sá lọ lójú tẹlifíṣọ̀n. Bí ìlà náà bá tọ́, ọ̀pá dára nìyẹn. Bí ó bá wọ́, wọn yóò sọ ọ̀pá náà sínú páálí àwọn tó bàjẹ́. Kò sí ẹni tó kọ òfin yìí síbì kankan, ó kàn di bẹ́ẹ̀ ni, torí gbogbo wọn ló mọ̀ pé kò sí ọwọ́ tó dúró bíi tirẹ̀ nínú ilé náà. Ẹnjiníà tó ń ṣe ọ̀pá, ọ̀dọ́mọkùnrin onígíláàsì kan tí èérún bísíkíìtì kì í wọ́n láyà ẹ̀wù rẹ̀, máa ń sọ ọ́ fún àlejò tẹ̀ríntẹ̀rín.

“Àwọn ẹlòmíràn ní rúlà,” yóò wí. “Àwa ní Àǹtí.”

Nígbà yẹn, gbogbo ayé ló ń ju apá kiri. Ilé-iṣẹ́ kan ló ti kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ géèmù tí wọ́n ń fì síta, ọjà náà sì yá débi pé ìyá àgbà tó ń sunkún orúnkún láàárọ̀ ń dìde gbá tẹ́níìsì ní pálọ̀ lálẹ́. Ni àwọn ilé-iṣẹ́ tó kù bá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Àwọn kan wà tí Ọ̀gá kì í fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ, tí gbogbo òṣìṣẹ́ sì ń pè ní Àwọn Tọ̀hún. Àwọn wọ̀nyí jáde, wọ́n ní tiwọn kò ní lo ọ̀pá rárá. Kámẹ́rà wọn á wo ènìyàn láti orí dé ẹsẹ̀, ohun tí ara rẹ bá ṣe ni ẹni inú tẹlifíṣọ̀n máa ṣe. Ọ̀gá ò fojú kan oorun. Ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, ó ní bí Àwọn Tọ̀hún bá ń rí ara, àwa yóò gbọ́ ara. Ọ̀pá tiwa gbọ́dọ̀ gbọ́ ìmìtìtì tó kéré jù lọ. Ó gbọ́dọ̀ mọ̀ bí ẹni tó mú un bá mí.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọlọ́wọ́-Pẹ̀lẹ́ náà pàtẹ́wọ́.

Kò pẹ́ sí àkókò yẹn ni ìlà náà gbọ̀n. Àárọ̀ ni, Ẹnjiníà ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àwọn ọ̀pá tuntun dé. Obìnrin náà dúró síbi tó máa ń dúró sí, ó na ọwọ́, ó sé èémí, ó ń retí pé kí Ẹnjiníà sọ pé “ó ti tó.” Ẹnjiníà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ìlà búlúù náà ń jáde, ó sì ń mì. Kì í ṣe mímì ńlá. Ó dà bí omi inú ife nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù bá ń kọjá níwájú ilé.

“Ṣíọ̀!” ni Ẹnjiníà wí. “Ọ̀pá burúkú rèé. Ẹ jù ú sínú páálí, Àǹtí, ẹ mú òmíràn.”

Ó mú òmíràn. Ìlà náà mì. Ó mú òmíràn lé e, ó tún mì. Ẹnjiníà họ orí, ó wọ abẹ́ tábìlì lọ, ó fa ògbólógbòó ọ̀pá kan jáde, èyí tí wọ́n fi ọ̀dà funfun sàmì sí nítorí pé òun ló dára jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti ṣe. Èyí náà mì.

“Ẹ ò rí ayé! Kódà bàbá wọn náà ti bàjẹ́,” ni Ẹnjiníà wí, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

Àǹtí náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú rẹ̀. Ó mọ ọ̀pá olọ́dà funfun yẹn bí ó ṣe mọ síbí ìdáná rẹ̀. Ọ̀pá yẹn kò ṣe nǹkan kan. Ó wo àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó rí i tí ó ń ta pọ́ún pọ́ún fúnra rẹ̀, bí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó fi ọwọ́ náà sápò.

Ẹ má dá Ẹnjiníà lẹ́bi o. Kò sí káfíńtà tó máa wọn pákó tán, tí pákó kò bá dọ́gba, tí yóò wá jókòó máa wádìí bóyá rúlà òun ló ń purọ́. Ọwọ́ Àǹtí ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá nǹkan dára. Kí ni wọn ì bá fi mọ̀ bóyá ọwọ́ Àǹtí dára?

Òun nìkan ló mọ̀, torí ó ti bá nǹkan náà gbélé. Onígbàjámọ̀ ni bàbá rẹ̀, abẹ ni ó sì ń lò. Àwọn oníbàárà máa ń sùn lọ lábẹ́ abẹ rẹ̀. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ wà ní kékeré, òun ló máa ń bá a di abọ́ ọṣẹ mú, bàbá yóò sì máa kọ́ ọ pé, “Sé èémí rẹ. Mú ọwọ́ dúró. Ọrùn ọmọ ọlọ́mọ nìyí.” Ibẹ̀ ló ti kọ́ ọwọ́ pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, àtàǹpàkò bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ta pọ́ún pọ́ún. Kò sọ fún ẹnì kankan. Ó ń fi ìgbọ̀nwọ́ ti ara, ó ń fá irun lọ, títí ọjọ́ tí abẹ fi ya etí oníbàárà kan. Oníbàárà náà kò jà. Ó fi táwẹ́ẹ̀lì di etí mú, ẹ̀jẹ̀ ń rin ín, ó ní kò burú, Bàbá, kò burú rárá. Ìwà pẹ̀lẹ́ ọkùnrin yẹn ni bàbá rẹ̀ kò gbàgbé. Ó ti ṣọ́ọ̀bù pa lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kò sì ṣí i mọ́.

Ní báyìí, ẹ̀bá fèrèsé ni ó ń jókòó sí, ọwọ́ kan lórí èkejì lórí itan rẹ̀, bí ẹni pé ọ̀kan ń di èkejì mú kó má sá lọ. Ọmọ rẹ̀ ló ń fún un lóúnjẹ, ọmọ rẹ̀ ló ń gbé omi sí i lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n bi dókítà bóyá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń tẹ̀ lé ìdílé, dókítà ní nígbà mìíràn bẹ́ẹ̀ ni, nígbà mìíràn bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n sì gbé ìdáhùn yẹn lọ sílé. Láti ìgbà náà ni ọmọ ti ń ṣọ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Ó gba ọwọ́ pẹ̀lẹ́ lára bàbá rẹ̀. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé ó ti gba èyí tó kù náà. Bí wọ́n bá sì lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ta ni yóò máa bọ́ àwọn méjèèjì? Ìbéèrè yìí ló ń bá a jí, òun ló ń bá a wọkọ̀.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi pa mọ́. Ó ń fi ìgbọ̀nwọ́ ti ìhà gẹ́lẹ́ bí bàbá rẹ̀ ti ń ṣe. Ó ń fi ọwọ́ òsì di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mú títí Ẹnjiníà yóò fi yíjú sí i. Bí wọ́n bá ń mu tíì níbi iṣẹ́, ó ní tíì ń dá inú òun rú. Nílé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bu omi bàbá rẹ̀ sí ìdajì kọ́ọ̀bù. Ó ní kó má baà dà sí wọn láyà ni. Bàbá wo kọ́ọ̀bù náà, ó mu ìdajì, ó ní ó ti tó òun.

Páálí ọ̀pá tó bàjẹ́ kún, wọ́n gbé òmíràn wá, òun náà kún. Ẹnjiníà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó tú ọ̀pá, ó tún ọ̀pá dì, ó bá àwọn tó ń ta irin inú rẹ̀ fún wọn jà lórí fóònù. Ọ̀gá ń wọlé lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ wá jágbe mọ́ ọn. Àwọn Tọ̀hún ti kéde ọjọ́ tí tiwọn máa jáde, ọjọ́ náà sì ti dé tán. Obìnrin náà ń wo ọmọ ọlọ́mọ yìí tó ń rù lójú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ wúwo. Ó fẹ́ sọ ọ́ ní ọjọ́ kan, ó tilẹ̀ pe “Ẹnjiníà,” ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbójú sókè, ó ní, “Ṣé o ti jẹun?”

Níkẹyìn, Ẹnjiníà rí ọgbọ́n kan dá. Ó ní bí ọ̀pá kò bá yéé gbọ̀n, òun á kọ́ ẹ̀rọ láti gbé gbígbọ̀n náà mì. Ó kọ nǹkan kan sínú ẹ̀rọ tí yóò máa tẹ́ ìlà náà bí ẹni lọ ṣẹ́ẹ̀tì, áyọ́ọ̀nù ni wọ́n sì ń pè é. Ó lọ ìlà, ó wò ó, ó tún un lọ, títí ìlà ọwọ́ Àǹtí fi tọ́ bí òwú tí wọ́n fà le. Ariwo ayọ̀ sọ. Ẹlẹ́ṣẹ̀ẹ́ gbé Ẹnjiníà sókè. Wọ́n fún òun náà ní ọ̀pá, ó ju ẹ̀ṣẹ́, ẹ̀ṣẹ́ náà jáde dáadáa, torí áyọ́ọ̀nù kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ́ ńlá. Ohun kéékèèké ni ó ń lọ. Kò sì sí ẹlòmíràn tó ń gbá géèmù ohun kéékèèké nínú ilé náà àfi ẹnì kan.

Ọlọ́wọ́-Pẹ̀lẹ́ gbé àwo tíì lójú tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ yẹn, ó rí ọwọ́ ara rẹ̀ níbẹ̀ tí ó dúró jẹ́ẹ́, bí ó ti wà láyé àtijọ́. Omi lé sí i lójú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nínú ara rẹ̀ pé bóyá ọ̀pá ni lóòótọ́. Bóyá irin inú rẹ̀ ni. Ó ń tan ara rẹ̀ jẹ, ó mọ̀, ó sì ń gbádùn ẹ̀tàn náà fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ̀tàn ọ̀hún kò jẹ́ kó sinmi. Nígbà tí Àwọn Tọ̀hún gbé ẹ̀rọ wọn síta, tí wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ wá gbá a lọ́fẹ̀ẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù wọn, ó lọ síbẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé. Ó yọ káàdì iṣẹ́ rẹ̀ lọ́rùn, ó fi gèlè bo iwájú orí bí olè. Ohun tó ń wá ni pé tiwọn kò ní ọ̀pá. Kò sí irin tí wọ́n máa bá wí, kò sí áyọ́ọ̀nù. Kámẹ́rà àti ara ni.

Ọmọbìnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín ṣáá mú un lọ síwájú tẹlifíṣọ̀n. Ẹnì kan yọ lójú rẹ̀, ọmọláńgidi aláwọ̀ ewé kan, ó dúró bí òun ti dúró.

“Ẹ na ọwọ́ yín méjèèjì, Mà,” ni ọmọbìnrin náà wí. “Kámẹ́rà fẹ́ kọ́kọ́ mọ̀ yín ná.”

Ó na ọwọ́ méjèèjì. Ọmọláńgidi náà na tirẹ̀. Ọwọ́ òsì ọmọláńgidi dúró. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń gbọ̀n.

“Ẹ má gbọ̀n, Mà. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ṣé ẹ̀rù ń bà yín ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ni ó wí.

“Kì í ṣe èèyàn ní nǹkan kan o,” ni ọmọbìnrin náà wí, ó ń fi ìfẹ́ sọ ọ́. “Ó kàn ń wò yín ni.”

Ó dúpẹ́, ó ní òun ń padà bọ̀. Lójú títì, ó jókòó sórí gọ́tà tí wọ́n fi kọnkéré bò, jìnnìjìnnì bá a lọ́sàn-án gangan, ènìyàn ń kọjá. Ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti wá rí i lójú báyìí.

Ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ Ọ̀gá máa fi ẹ̀rọ wọn han àwọn olówò àti àwọn oníwèé ìròyìn kò sún síwájú nítorí tirẹ̀. Gbọ̀ngàn kún. Wọ́n wọ éépírọ́ọ̀nù funfun sí i lára bíi ti agbétíì, wọ́n tan iná sí i lójú, wọ́n fi ọ̀pá sí i lọ́wọ́. Ó gbé àwo tíì lójú tẹlifíṣọ̀n gba àárín èrò kọjá, ó bọ́ lábẹ́ apá ọkùnrin kan tó ń jó, ó da tíì sínú ife mẹ́fà, ọ̀kankan kò ta. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ọwọ́ inú tẹlifíṣọ̀n kò gbọ̀n, tẹlifíṣọ̀n ni gbogbo èèyàn sì ń wò. Àtẹ́wọ́ ròkè. Ó rò pé ó ti parí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n inú Ọ̀gá dùn kọjá ààlà. Ó fò sórí pèpéle, ó gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ̀yin èèyàn mi, kì í ṣe òun nìkan! Ẹnikẹ́ni ló lè gbá a. Èmi tí ẹ ń wò yìí, mi ò gbé tíì fún ìyàwó mi rí!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá tẹ ọ̀pá díẹ̀ kí tíì lè jáde. Tíì kò jáde. Ó tún un tẹ̀ díẹ̀ sí i. Ẹni inú tẹlifíṣọ̀n náà dúró gbagidi bí ẹni tó ń sùn lórí ìdúró, torí gbogbo ohun pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tí Ọ̀gá ń ṣe, áyọ́ọ̀nù tí wọ́n wọ̀n mọ́ ọwọ́ Àǹtí nìkan ń lọ ọ́ dànù. Ara Ọ̀gá gbóná, ó fa ọwọ́ tagbára tagbára. Àwo, ife, ìkòkò tíì, gbogbo rẹ̀ dà lé àwọn èrò inú tẹlifíṣọ̀n lórí. Àwọn èrò inú gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Oníwèé ìròyìn kan béèrè bóyá ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Àwọn Tọ̀hún jìn síbẹ̀, ẹ̀rín tún ga sí i.

Nínú yàrá tó wà lẹ́yìn pèpéle, níbi tí wọ́n kó tẹlifíṣọ̀n kejì àti páálí ọ̀pá sí, Ọ̀gá ti ilẹ̀kùn. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n wà níbẹ̀: Ọ̀gá, Ẹnjiníà, àti obìnrin náà tó ń wá báàgì rẹ̀.

“Kó ẹrù rẹ kí o máa lọ,” ni Ọ̀gá sọ fún Ẹnjiníà.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ Àǹtí. Ẹ̀yin náà rí i.”

“Ṣé Àǹtí ni kí n máa tà pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ?”

Ó ti rí báàgì rẹ̀. Ó ti dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ẹ̀rù tó ń bà á nígbà yẹn ju ti gbogbo ìgbà lọ, torí ó rí ọ̀nà àbáyọ, ó sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Bí kò bá sọ̀rọ̀, Ẹnjiníà yóò lọ. Ọ̀dọ́ ni, yóò ríṣẹ́. Òmíràn yóò dé, òun náà yóò na ọ̀pá sí i pé kí Àǹtí bá òun wò ó, nǹkan yóò máa lọ bẹ́ẹ̀. Ó ti di ilẹ̀kùn mú.

“Àǹtí, ẹ bá mi bẹ wọ́n,” ni Ẹnjiníà wí. “Ẹ sọ fún wọn. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ pé àwọn ọ̀pá yẹn ló bàjẹ́.”

Ó dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó gbé báàgì sílẹ̀.

“Tan tẹlifíṣọ̀n yẹn,” ni ó wí. “Yọ áyọ́ọ̀nù kúrò níbẹ̀.”

Ẹnjiníà kò mọ ohun tó fẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n ó yọ ọ́. Obìnrin náà mú ọ̀pá kan nínú páálí, ó na ọwọ́, ó sé èémí gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ìlà búlúù jáde, ó ń gbọ̀n ju ti ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ. Láìronú, Ẹnjiníà na ọwọ́ sínú páálí pé kí òun mú ọ̀pá mìíràn fún un.

“Má pààrọ̀ rẹ̀. Gba èyí, kí ìwọ fúnra rẹ mú un.”

Ó gbà á. Ìlà náà tọ́.

Ẹnjiníà ń wo ìlà, ó ń wo ọ̀pá, lẹ́yìn náà ni ó wá wo ọwọ́ obìnrin náà, ó sì bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

“Láti ìgbà wo?” ni Ọ̀gá béèrè.

“Ó ti pẹ́, sà. Ọ̀pá kankan ò bàjẹ́. Ẹ má lé ọmọ yìí.”

Ọ̀gá jókòó lórí páálí kan.

“Máa lọ sílé,” ni ó wí. “A ó ránṣẹ́ sí ọ. Kò burú. Kò burú rárá.”

Ohùn rẹ̀ tutù pẹ̀lẹ́, ohun tó sì dá a níjì jù nìyẹn. Ẹnjiníà sìn ín dé gééètì. Ó fún un ní bísíkíìtì tó wà lápò rẹ̀.

Bàbá rẹ̀ jókòó nídìí fèrèsé nígbà tó wọlé.

“Ìwọ rèé, lọ́sàn-án yìí?”

“Wọ́n ní ká tètè máa lọ lónìí, Bàbá.”

“Ó dáa. Bá mi bu omi wá.”

Ó bu ìdajì, ó gbé e bọ̀. Bàbá yọjú wo inú kọ́ọ̀bù, kò la ẹnu.

“Kún un.”

“Á dà sí yín láyà, Bàbá.”

“Èmi ni mò ń gbé e ni? Ṣebí ìwọ lò ń gbé e sí mi lẹ́nu. Bó bá kún, ọwọ́ ta ni yóò dà á?”

Bàbá ń wo ìta, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ dẹ́rù ba ẹyẹ.

“Ìdajì ni èmi náà ń bu nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Màmá rẹ rò pé omi kì í wù mí mu ni. Látìgbà tí o ti fún mi ní ìdajì àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀. Mo ní bóyá ojú mi ni. Mò ń bẹ Ọlọ́run lójoojúmọ́ pé kó jẹ́ ojú mi.”

“Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá.”

“Mo mọ̀. Ó ń ba èmi náà.” Ó gbé ọwọ́ òkè kúrò lórí ti ìsàlẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń gbọ̀n bó ti wù wọ́n. “Lọ kún un wá.”

Ó padà sí ìdáná. Ó bu omi títí ó fi kún dẹ́nu, bí ife àlejò Ọ̀gá. Kò fi ìgbọ̀nwọ́ ti ìhà, kò fi ọwọ́ kejì di ọrùn ọwọ́ mú. Omi ń dà sílẹ̀, ó ń dà sí i lẹ́sẹ̀, ó ń bọ̀. Nígbà tó fi dé iwájú àga, ìdajì ló kù nínú kọ́ọ̀bù.

Bàbá rẹ̀ la ẹnu, ó mu ún tán, ó ní kó tún bu òmíràn wá.